Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Búrẹ́dì Maame Adwoa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Fante New Town, ní Kumasi, kò sí ohun tí n kò mọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi kò ní tíì béèrè ọ̀rọ̀ tán tí mo ti máa dáhùn. Mo ń gba ipò kìíní ní kíláàsì, mo mọ eré ampe fò ju gbogbo ọmọbìnrin àdúgbò lọ, mo sì tún jẹ́ ọmọ mẹkáníìkì. Bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń tún àwọn ògbólógbòó ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ṣe ní Santasi. Ní gbogbo Sátidé, èmi ni mo máa ń fi kẹrosíìnì fọ nọ́ọ̀tì àti bóòtù nínú agolo, títí èékánná mi yóò fi dúdú. Bí mo bá ṣe tán, Bàbá á ra waakye, ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀, fún mi, ẹyin kan á wà lórí rẹ̀, èmi á sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú òórùn kẹrosíìnì lọ́wọ́. Títí dòní, waakye tí kò bá rùn díẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Bàbá kì í ra pààtì ọkọ̀ lórí orúkọ ọkọ̀ nìkan. Wọ́n máa ń wí pé, "Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n á ṣe, wọ́n á yí inú rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún méjì, wọn ò sì ní sọ fún wa." Èyí tó gbó ni kí o mú dání. Gbé e ti tuntun, wọ̀n ọ́n, ka eyín rẹ̀, ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí sórí dáadáa. Kí n ṣe é ló kù.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ Maame Adwoa jó. Maame Adwoa ń yan búrẹ́dì nítòsí ṣọ́ọ̀bù wa, ọkọ̀ àtijọ́ yìí ni wọ́n sì fi ń gbé e fún àwọn oníbàárà wọn ní àràárọ̀. Bàbá tú àwo kílọ́ọ̀ṣì náà, irin rìbìtì tó fẹ̀ bí àwo oúnjẹ, tí ihò eléyín wà láàárín rẹ̀. Wọ́n fi pépà sìmẹ́ńtì wé e, wọ́n ní kí n mú un lọ ra irú rẹ̀ wá ní Adum, níbi tí wọ́n ti ń ta pààtì.

Òróró dúdú ti ń yọ lára pépà náà, èmi sì wọ aṣọ tuntun tí màmá mi rán fún mi. Mo ro ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì mi máa sọ bí wọ́n bá bá mi nínú bọ́ọ̀sì trotro. Mo bá gbé irin náà pamọ́ sẹ́yìn kíóósì télọ̀ kan, mo wọ ọkọ̀ lọ ní ọwọ́ òfìfo.

Ọkùnrin tó ń ta pààtì wò mí lọ́wọ́. "Ɛwɔ he?" Ó ń béèrè ibi tí èyí tó gbó wà. Mo ní kò nílò rẹ̀. Mo dárúkọ ọkọ̀, mo dárúkọ ọdún rẹ̀, mo tún fi àwọ̀ rẹ̀ kún un, bí ẹni pé kílọ́ọ̀ṣì máa ń wo ọ̀dà ara ọkọ̀ kó tó wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ọ̀kan fún mi.

Nígbà tí mo padà dé, òjò ti ṣú, Bàbá sì wà lábẹ́ ọkọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fi wé èyí tó gbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ka eyín rẹ̀?"

"Ó pé, sà."

Maame Adwoa ní kí Bàbá tún un kà. Bàbá ní, "Ọmọ mi ti kà á," wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ mi.

Bàbá àti aládùúgbò kan gbé gíà sókè kí irin rẹ̀ lè wọ ihò eléyín àwo náà, kò wọlé. Wọ́n tún gbé e, kò wọlé. Lẹ́ẹ̀kẹta, Bàbá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n jókòó sórí táyà, wọ́n fi ìka ka eyín àwo tuntun náà: mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ní kí n gbé èyí tó gbó wá. Ibi kíóósì télọ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n mo fi bí ogún rìn ín. Eyín mọ́kànlélógún ni tiẹ̀.

"Ei, Awurade!" Maame Adwoa ké pe Olúwa, wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n ti po ìyẹ̀fun búrẹ́dì ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú sì ni, kò sí ṣọ́ọ̀bù pààtì tó máa ṣí. Mo ń retí pàṣán. Bàbá ò tilẹ̀ wò mí. "Maame, ẹ yan búrẹ́dì yín. Èmi àti ọmọ mi máa rù ú."

Báyìí la ṣe ru búrẹ́dì káàkiri Santasi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bàbá níwájú, èmi lẹ́yìn. Bí a ṣe yọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan, àwọn ọmọ kíláàsì mi ló ń jáde bọ̀ yẹn, gbogbo wọn pátá, pẹ̀lú bàtà funfun! Ọ̀kan bi mí bóyá a ti ń ta búrẹ́dì ni. Kí n tó wá irọ́ mìíràn pa, Bàbá yíjú padà. "Rárá o. Èmi ni mi ò ka eyín irin dáadáa, ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni sì dúró." Wọ́n ń bá tiwọn lọ. Ẹkún tí mo sun lẹ́yìn wọn, bí kì í bá ṣe pé a bo búrẹ́dì ni, gbogbo rẹ̀ ni ì bá rin.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, èmi fúnra mi ni mo gbé àwo tó gbó lọ sí Adum, mo gbá a mọ́ àyà lórí yunifọ́ọ̀mù. Ọkùnrin tó ń tà á ka eyín tuntun, mo kà á, nígbà tí mo padà dé, Bàbá náà kà á. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni gíà wọlé. Maame Adwoa, télọ̀, aládùúgbò wa, gbogbo wa dúró yí ọkọ̀ ká títí ẹ́ńjìnnì fi dún. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Tèmi tí mo dá wàhálà sílẹ̀ ló dún jù.

Lónìí, èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù pààtì. Oníbàárà á ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, èmi á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, pààtì tó bá a mu á jáde, ọlọ́kadà á gbé e lọ. N kò ráhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ni mo fi ń tà á, gbogbo ọkọ̀ Kumasi ni ì bá ti dúró tán. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó ń lọ sílé títí ọkọ̀ yóò fi dún. Lónìí, bí pààtì bá ti dé ọwọ́ wọn, wọ́n á fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo máa ń wo àtàǹpàkò náà pẹ́, n kì í sì í mọ̀ bóyá ọkọ̀ ọ̀hún ti gbéra.