Ọ́ìlì Tí Ọ̀gá Mi Dà Sínú Bíréèkì

Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni mo fi máa ń rántí ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà. Ọkọ̀ náà ti gbó kó tó dé ọwọ́ mi, ó dàgbà ju ìgbéyàwó mi lọ. Nígbà náà, alábòójútó ni mí ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà tí a ti ń ṣe korobá oníke, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo sì máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá rí bí mo ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn yan kiri á rò pé èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ náà.

Nígbà tó yá, bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi á máa rì bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Mo wa ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan ní Joju, ọmọ Ọ̀ṣun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Mẹkáníìkì. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ike kékeré tí ọ́ìlì bíréèkì máa ń wà nínú rẹ̀, ó ti bébà funfun bọ̀ ọ́, ó sì fà á jáde hàn mí. Ó dúdú bí àgbo.

Ó ní, "Ọ̀gá, ọ́ìlì yìí ti gbó, ó ti fa omi mu. Bó bá gbóná, á hó, bíréèkì ò sì ní mú. Ẹ jẹ́ ká fà á dànù tán, ká da tuntun sí i. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí ẹ̀, DOT 3, irú ọ́ìlì tó ń lò nìyẹn. Èyí tí wọn ò tíì ṣí rí ni kẹ́ ẹ rà, torí èyí tí wọ́n bá ti ṣí sílẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ ló ń fà mu yẹn."

Mo wo ìró tó wé mọ́ orí ṣòkòtò, tí gíríìsì ti sọ di dúdú. Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí?"

Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹni tó kọ́ mi ti kú. Àwọn tó tún ọkọ̀ wọn ṣe ṣì wà láyé."

Mo rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà, mo wa ọkọ̀ mi lọ. Èmi tí mo kàwé, òun ló fẹ́ máa ka ìdérí ike fún.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni mo lọ bá, olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn kò mọ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, dókítà ni. Bí ó bá di ti Bíbélì, pásítọ̀ ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á síṣẹ́ gan-an, ó lè tú u palẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má lè tò ó padà. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì tún lọ bá a. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn ò sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó lọ béèrè lọ́wọ́ òmùgọ̀.

Ó ní, "Obìnrin yẹn fẹ́ fi ọ́ jẹun ni. Ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́."

Ó bu ọ́ìlì tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi ń ṣiṣẹ́, ó dà á kún inú ike bíréèkì mi, ó wá nu ọwọ́ rẹ̀ bí oníṣẹ́ abẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀mí là. Mo dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, òórùn jíjóná sì ń wọ inú ọkọ̀. Mo sọ fún un. Ó ní agbára ọ́ìlì tuntun ni.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, a ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìjù. Ìyàwó mi jókòó níwájú, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìyàwó mi bi mí pé, "Kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní, "Agbára ọ́ìlì tuntun ni." Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú wa láti já èrò. Mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi bá a kanlẹ̀. Mo tún un tẹ̀, òfo ni. Mo fa bíréèkì ọwọ́, mo sì yí ọkọ̀ sí inú òkìtì yanrìn àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ohùn ìyá ìyàwó mi nìkan ni mo gbọ́. Ó ní, "Ọwọ́ mi." Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó fi di àga iwájú mú, ti ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n ti di ọwọ́ náà fún un ní ọsibítù, mo ní kí wọ́n fa ọkọ̀ lọ sí Joju. Ìyá Mẹkáníìkì tú àwọn rọ́bà inú bíréèkì jáde. Wọ́n ti wú bí ẹ̀wà tó sùn nínú omi. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ọ́ìlì ẹ̀rọ kì í bá rọ́bà yìí rẹ́. Gbogbo ẹ̀ la máa pààrọ̀, a ó sì fọ páìpù." Nígbà tó da tuntun sí i, ó ní kí n jókòó sídìí ọkọ̀, òun náà sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ń tú nọ́ọ̀tì kékeré tí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Ó tó, ẹ fi í sílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títí ọ́ìlì fi ń jáde ní mímọ́ láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ọ̀sán yẹn, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" nìkan ló ń jáde lẹ́nu èmi ọ̀mọ̀wé.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọ̀gá mi, ó ní ìwàkuwà mi ló fà á. Kò béèrè ìyá arúgbó tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì gbọ́ pé ó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ iná àdúgbò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń so wáyà. Kí Ọlọ́run ṣàánú àdúgbò náà. Mo ṣì kórìíra ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fipá mú mi. Òtítọ́ ni Ìyá Mẹkáníìkì kọ́kọ́ sọ fún mi, mo sì ń béèrè ẹni tó kọ́ olótìítọ́ níṣẹ́.

Ọrùn ọwọ́ yẹn kò jinná dáadáa. Bí mo bá lọ kí ìyá ìyàwó mi, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé omi fún mi, òun tó kọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ pé a kì í fi òsì na nǹkan síni. Á ní, "Má bínú, ọmọ mi, ọwọ́ òsì ni." Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.