Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Ẹṣin

Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin ní pápá tí ọmọ mi ti ń gun tirẹ̀ ló kìlọ̀ fún mi. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá. Ẹṣin wọn yìí máa ń tàpá, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn láti dúró sẹ́yìn rẹ̀.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ mi ti lé ní ogójì ọdún. Ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó níyàwó, ewú sì ti ń yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan ló ra ẹṣin kúkúrú, tí wọ́n ń gùn ní ọ̀sán Sátidé, tí wọ́n sì fẹ́ fi sáré ìdíje nígbà Iléyá tó ń bọ̀. N kò ní kí wọ́n má ṣeré. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko yẹ kó ní ohun tí yóò máa mú inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, “Mọ́mì, ẹ̀rù ti ń bà yín jù. Kí ìyá kálukú di ọmọ rẹ̀ mú.”

Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi, òórùn ẹṣin sì ti gba inú ilé kan: òógùn, awọ, koríko tútù àti ìtọ̀. Inú òórùn yẹn ni mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin mìíràn tó ti kú tipẹ́, tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún ìyá mi ní ojúde wa ní Bẹyẹrúnká n’Íbàdàn. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́. N ó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé àwọn ìjòyè nìkan ló ń gun ẹṣin n’Íbàdàn láyé ọjọ́un. Òótọ́ ni pé àwọn ìjòyè ló ni ẹṣin gíga, èyí tí wọ́n máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ títí ojú kò fi ní rí awọ ara rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé, àwọn ọkùnrin tí kò joyè rárá, àwọn télọ̀, alápatà, àwọn tó ń ta obì l’Ọ́jà’ba, a máa lọ sí Sábó lọ bá àwọn Hausa ra ẹṣin kúkúrú. Ẹṣin kúkúrú kò wọ́n tó ẹṣin gíga, kò sì jẹun tó o. Àgbà ẹṣin ni, kì í ṣe ọmọ ẹṣin. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Bí ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ bá jókòó lé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Agbádá á bo ẹṣin láti ọrùn dé ìdí ìrù, tó fi jẹ́ pé bí o bá wò ó lókèèrè, o ó rò pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló hu ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àwa ọmọdé a máa sá tẹ̀ lé wọn, a ó máa pariwo, “Ta ló gun ta? Ta ló gun ta?” Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì yíjú padà, a ó fọ́n ká sínú agboolé bí ọmọ adìyẹ tó rí àṣá.

Ká sòótọ́, ó dùn ún wò. Bí wọ́n bá ti kírun ọdún tán, tí wọ́n ti dú àgbò, tí wọ́n sì ti jẹun, wọ́n á kó ẹṣin jáde ní ọ̀sán. Wọ́n á sáré láti ìsàlẹ̀ àdúgbò wa kọjá lójúde wa títí dé ẹsẹ̀ òkè Màpó. Fìlà àrán ni ẹni tó bá ṣáájú máa ń gbà, òun náà ni yóò sì ṣíwájú nígbà tí wọ́n bá ń lọ kí àwọn àgbà. Nítorí fìlà àrán yìí, bàbá ọlọ́mọ mẹ́jọ lè máà bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti Iléyá títí di ìgbà ààwẹ̀.

Làsísì ló fẹ́ràn fìlà yẹn jù. Télọ̀ ni, agboolé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méje, ó na ẹṣin rẹ̀ ní àtòrì lójúde wa kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè rí i bó ṣe ń fò. Ẹṣin náà tàpá sẹ́yìn. Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró létí ògiri wa nínú bùbá ọdún rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti ní kó dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ ìró eegun rẹ̀. Ó dún bí igi ìdáná tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́.

Ìyá mi já jáde, ó gbé ọmọ rẹ̀ sí àyà. Ó gbójú sókè wo Làsísì. Ní àdúgbò wa, bí ẹlẹ́ṣin bá tilẹ̀ fẹ́ kí àgbà lásán, sísọ̀ ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Ká má tíì sọ ti ẹni tó ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe. Làsísì kò sọ̀. Orí gàárì níbẹ̀ ló ti ní, “Ìyá Ràṣídì, máa mú ọmọ rẹ wọlé lọ́jọ́ ọdún. Ojú ọ̀nà kì í ṣe orí ẹní.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ó fa ìjánu, ó bá tirẹ̀ lọ, òun náà ló sì gba fìlà lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá àgbà kan ní Yemẹtù ló bá wa to eegun náà. Ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ. Èyí tó tún wá burú ni pé, kí ẹsẹ̀ tó jinná, ọ̀rọ̀ ti yí padà ní àdúgbò. Wọ́n ní Ràṣídì ló sá sábẹ́ ẹṣin. Wọ́n ní ọmọ aláìgbọràn ni. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń ro ògì, kò mójú tó ọmọ. Nígbà tí àwọn àgbà dá sí i, ìyá mi sọ fún wọn pé òun kò béèrè nǹkan kan bí kò ṣe pé kí Làsísì sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin rẹ̀, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà òun, kó sì sọ fún ọmọ náà pé pẹ̀lẹ́. Làsísì ránṣẹ́ padà pé òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ fún obìnrin nítorí ẹsẹ̀ tó ti jinná. Bàbá mi, tó ń ti oko kòkó bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní ká fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ìyá mi ní, “Ẹ̀yin ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi náà á máa ṣe díẹ̀díẹ̀ níbí.”

Mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ibẹ̀ ni Làsísì ti máa ń kírun Aláásárì, òpó ilé aládùúgbò wa ló sì máa ń so ẹṣin rẹ̀ mọ́. Okùn náà gùn tó láti dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyá mi ń ta ògì, eèrí tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti sẹ́ ògì kì í sì í wọ́n nílé wa. Ewúrẹ́ la máa ń fún. Bó ṣe di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i tó bu eèrí sínú igbá, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó sì gbé e ka orí pèpéle wa gan-an. Ẹṣin na ọrùn, ó sì lá igbá náà mọ́ fẹ́ẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún gbé e síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́, òjò ìbáà máa rọ̀.

Mo mú òkúta, mo fẹ́ sọ ọ́ lu ẹṣin náà lójú. Ìyá mi gbá mi lọ́wọ́. “Fi ẹranko sílẹ̀. Òun kọ́ ni mò ń bá jà.”

Ìyáálé wa kò lè pa á mọ́ra. “Ìyá Ràṣídì, orí rẹ pé báyìí? O ń bọ́ ohun tó sọ ọmọ rẹ di arọ?”

“Òfò ni kí n da eèrí nù, Ìyáálé mi.”

“Ewúrẹ́ wa ńkọ́?”

“Ewúrẹ́ wa kì í sáré.”

Ìyáálé wò ó títí, kò yé e, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ní ti Làsísì, ó jáde láti mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kan, ó bá ẹṣin rẹ̀ nídìí igbá, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó lọ ń sọ ọ́ ká ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé obìnrin náà ti gbàgbé, pé ó ti ń bá òun tọ́jú ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wá sọ fún ìyá mi. Ó ní, “Ẹ bá mi kí wọn.”

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi kò gbé igbá jáde mọ́. Ẹṣin á na ọrùn dé ẹnu ọ̀nà wa, á máa fi imú tú ilẹ̀, á máa fi pátákò họ ilẹ̀ lórí pèpéle. Kò rí nǹkan kan.

Ní ọjọ́ ọdún, kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó jáde, ìyá mi rìn láti agboolé dé agboolé létí ọ̀nà wa. Ó ń bẹ àwọn abiyamọ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n kó ọmọ wọlé. Ó kó èmi àti gbogbo ọmọ agboolé wa sínú yàrá tó wà níwájú, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó sì ka orí wa lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó sì gbé igbá eèrí oníyọ̀ lé itan. Ràṣídì nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ariwo ti ìsàlẹ̀ bọ̀. Làsísì ló ṣáájú, ó ti fi gbogbo wọn sílẹ̀, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí wọ́n ti kan òpó aládùúgbò wa, eré ẹṣin náà dẹ̀. Ó gbé imú sókè. Ó yà kúrò lójú ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ó gun pèpéle wa, ó sì ti orí bọ inú igbá.

Làsísì fa ìjánu títí agbádá fi dà bò ó lórí. Ó nà án ní àtòrì. Ẹṣin náà kàn ń jẹun ni. Àwọn yòókù ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbààgbà ọkùnrin, wọ́n sì ń kí i bí wọ́n ti ń lọ: “Làsísì, ẹ kú oúnjẹ o!” Gbogbo àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀: “Ta ló gun ta? Ta ló gun ta?” Àgbà ló ń pariwo rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ọmọdé. Àwa tó wà lójú fèrèsé náà ń pariwo rẹ̀ títí ohùn wa fi há.

Nígbà tó rẹ Làsísì, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó di ìjánu mú, ó ń fà á. Ẹṣin fẹsẹ̀ tilẹ̀.

Ìyá mi kò dìde. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń retí yín.”

“Gbé igbá yẹn wọlé, obìnrin yìí.”

“N ó gbé e wọlé. Ràṣídì, bọ́ síbí.” Ẹ̀gbọ́n mi tiro jáde. “Bàbá, ó ku ọ̀rọ̀ kan.”

Làsísì wo ọmọ náà, ó wo àwọn èrò, ó kùn nǹkan sínú.

“Ọmọ kò gbọ́, Bàbá. Nígbà tí ẹ wà lókè ẹṣin, ohùn yín dé Ọjà’ba.”

“Pẹ̀lẹ́,” ni Làsísì wí. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

“Kí ló ṣe tí ẹ fi ń kí i pẹ̀lẹ́?”

Làsísì ní, “Ẹṣin mi ló ṣe é léṣe.”

“Ó sá sábẹ́ rẹ̀ ni àbí?”

“Rárá. Ó dúró létí ògiri.”

Nígbà náà ni ìyá mi gbé igbá wọlé.

Kó tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, Làsísì ti dá ẹṣin náà padà sí Sábó, kò sì gun òmíràn mọ́, nítorí ibi tó bá yà sí ni orin “Ta ló gun ta?” yẹn ti ń dúró dè é. Kò dùn mí nígbà náà. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo sì ti sin ìyá mi, kò tíì dùn mí títí dòní.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbi òpó tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́, bó o bá sì fẹ́ sáré lójúde wa báyìí, ọ̀kadà ni yóò gbá ọ. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ràn ẹṣin kúkúrú kò tíì tán, èyí kò sì burú. Ẹsẹ̀ Ràṣídì náà kò gùn sí i. Mo bi í léèrè láìpẹ́ yìí pé kí ni ohun tí ìyá wa ṣe lọ́jọ́un ṣe fún un. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, “Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ pé èmi ni mo fà á.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ẹṣin, títí kan ọmọ tèmi, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ ta okùn sí àárín ẹṣin yín àti àwọn ọmọdé kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹṣin yín bá sì ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ná, kí ẹ tó la ẹnu sọ̀rọ̀.