Iyán Tí A Kò Jọ Jẹ ní Òkè-Fìà

Òórùn fóòmù tuntun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Òkè-Fìà, ní Òṣogbo. Kì í ṣe òórùn ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ ni mo torí ẹ̀ ní ká yà níbẹ̀. Fóòmù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ̀rá lára ẹ̀ ni mò ń wí, tí òórùn ẹ̀ ń jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù, tó dà pọ̀ mọ́ èéfín ọ̀kadà àti òórùn dòdò tí ẹnì kan ń dín lẹ́bàá títì. Oòrùn ọjọ́ náà ta bí irú èyí tí òjò máa ń tẹ̀ lé. Ọ̀nà láti Ọ̀fà tí à ń gbé ti gbọn gbogbo eegun ara mi, ṣùgbọ́n mò ń tu ara mi nínú pé kò burú, a ṣáà máa jókòó jẹun.

Ọmọ wa obìnrin là ń mú lọ sí yunifásítì ní Ìkẹ́jì-Arákejì, lápá Ìjẹ̀ṣà. Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni ọkọ mi, ìgboro Iléṣà ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pinnu pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà máa kọ́. Ọmọ ní rárá, iṣẹ́ ọ̀gbìn lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní, "Bàbá mi fi ọkọ́ àti àdá rán mi níléèwé kí n má baà di ọkọ́ àti àdá mú. Ìwọ wá fẹ́ lọ kọ́ ọ ní yunifásítì?" Ọmọ náà kò rọ ẹnu: "Dádì, èmi ni mo máa ṣiṣẹ́ ọ̀hún, kì í ṣe ẹ̀yin." Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn méjèèjì ti ń yan odì. Inú ilé kan náà la jọ wà o, àga kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó lé wo tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹnu mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. "Sọ fún ọmọ rẹ kó lọ pa jẹnẹrétọ̀." Ọmọ ti gbọ́. "Mọ́mì, ẹ sọ fún Dádì pé epo ti tán nínú ẹ̀, ó ti kú fúnra rẹ̀." Bàbá náà ti gbọ́. Èmi tí mo wà láàárín á tún tún un sọ, bí òmùgọ̀. Ìwọ náà tí o ti tọ́ ọmọ, o mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rẹni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí a bá dé Ìkẹ́jì báyẹn, tí ọmọ wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, tí bàbá yí mọ́tò padà láìkí ara wọn pé ó dàbọ̀, odì náà lè bá wọn dalẹ́. Mo bá dá ọgbọ́n kan. Mi ò dáná lọ́jọ́ náà, mo ní Òṣogbo la ti máa jẹun, la sì ti máa ra ẹrù tó kù. Mo mọ búkà kan ní Òkè-Fìà tí iyán wọn ò ní kókó, tí wọ́n máa ń fi ẹran ìgbẹ́ se ẹ̀gúsí. Mo lérò pé bí ebi bá pa àwọn méjèèjì dáadáa, tí iyán gbígbóná dé iwájú wọn lórí tábìlì kan náà, wọn ò ní lè ṣe kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Kò tiẹ̀ sí Ìjẹ̀ṣà tó lè di inú níwájú iyán.

Fóòmù la kọ́kọ́ rà. Ọkọ mi dì í sórí mọ́tò, ó fi okùn gbà á yípo, a sì wọ búkà. Àlàájà tó ni ibẹ̀, ọmọ Òṣogbo tó mọ èèyàn kí, na ọwọ́ sí àga fún wa. "Ẹ jókòó, ẹ kú ìrìn. Iyán tó wà nílẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, òmíràn ti wà nínú odó. Ẹ ò ní pẹ́ jẹun, Ìn ṣá Allah." Mo ń gbọ́ ìró ọmọ odó lẹ́yìn ilé, ọkàn mi sì balẹ̀. Àwa mẹ́ta jókòó. Ó kù kí iyán dé.

Ẹnì kan bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ta ló ni mọ́tò tó gbé fóòmù, pé ó ti dí ọ̀nà mọ́ òun. Ọkọ mi dìde lọ gbé mọ́tò. Kò rí ibi tó máa gbé e sí, ló bá ń yí kiri. A dúró títí. Ebi ń pa ọmọ, ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì wá fóun. Mo ní, "Dúró de bàbá rẹ." Ó ní, "Mọ́mì, ìfun mi ti ń jà." Ó jẹ ìrẹsì náà tán pátápátá. Bó ṣe ń nu ẹnu ni ó rántí pé òun kò tíì ra wáyà tí òun máa fi gba iná nínú yàrá, ó sì sáré kọjá sí òdìkejì títì. Kò tíì pẹ́ tó jáde ni ọkọ mi wọlé, òógùn ti lẹ aṣọ mọ́ ọn lára. Wọ́n gbé iyán dé. Ó wo àga tó ṣófo náà, ó wo àwo ìrẹsì, ó ní, "Ọmọ rẹ ti jẹun tirẹ̀, àbí?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu òkèlè. Mo fẹ́ sunkún. Mi ò tíì fọwọ́ kan tèmi nígbà tí òjò ṣú, tí ó sì dà wììì láìkìlọ̀.

"Fóòmù!" Ọkọ mi ti jáde tòun ti ọbẹ̀ lọ́wọ́. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ọmọ náà ti rí i láti òdìkejì títì, òun náà ń sáré bọ̀. Nígbà tí mo dé ìdí mọ́tò, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan wà lápá òsì, wọ́n ń na ọ̀rá tapólì bo fóòmù náà, òjò ń lù wọ́n. Bàbá kígbe sí mi pé, "Sọ fún un kó fa ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀!" Ọmọ náà kígbe sí mi pé, "Mọ́mì, ẹ sọ fún Dádì pé ẹsẹ̀ wọn ló tẹ okùn mọ́lẹ̀!"

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo lọgun láàárín títì pé, "Mi ò sọ! Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ẹnikẹ́ni mọ́! Kí fóòmù náà rin gbingbin, kí ẹ sùn nínú omi! Ó ti sú mi, ó sú mi, ó sú mi!" Àwọn tó ń sá òjò lábẹ́ ṣọ́ọ̀bù yíjú wò mí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù kan, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Àlàájà gbé agbòjò wá, ó ń ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú, ẹ má jẹ́ kí ayé rí yín báyìí."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ọkọ mi. Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé o rí ohun tí o ṣe fún ìyá rẹ?" Kì í ṣe èmi ló bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní, "Dádì, àwa méjèèjì ni." Mo retí kí bàbá jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Fa okùn yẹn wá sápá ibí." Ọmọ fà á. Bàbá ní, "Ó ti le jù." "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò ná, Dádì." Wọ́n dì í tán, wọ́n jọ wá, bàbá dọ̀bálẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀ níwájú mi nínú omi, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n wọ́n nítorí pé ẹ̀gúsí ti lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n ọkọ mi. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí ẹyin iná ni inú mi ṣì rí.

Ẹ̀yìn mọ́tò ni mo jókòó sí, mo di ọwọ́ lé àyà. Láti Òṣogbo títí a fi gba Iléṣà kọjá, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ níwájú. Bàbá bi í léèrè bóyá kòkó ni wọ́n máa kọ́ wọn ni àbí iṣu. Ọmọ ń ṣàlàyé nípa ilẹ̀ tó ti ṣá, bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe, ọkọ mi náà ń sọ nípa oko bàbá tirẹ̀, oko kan tí èmi tí mo ti ń bá a gbé láti ọdún yìí wá kò gbọ́ nípa ẹ̀ rí. Ebi ń pa mí. Iyán mi wà ní Òkè-Fìà, ó ti di ti ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń wẹ̀yìn wò mí, wọ́n á sì rẹ ohùn wọn sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Ó pẹ́ kí inú mi tó rọ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Èmi ni mo gbé ọgbọ́n kalẹ̀, èmi ni mo fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí i pé ó ṣiṣẹ́, ó wá jẹ́ pé ìtìjú mi lójú títì ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sọ fún mi pé sùúrù ni obìnrin fi ń di ilé mú, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí i pé sùúrù mi gan-an ni àwọn méjèèjì ń fi yan odì yẹn. Bí mo ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ wọn kiri tọkàntọkàn, kí ni wọ́n fẹ́ máa bá ara wọn sọ? Ọjọ́ tí mo gbé ẹrù náà kalẹ̀ ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbé e. Báyìí, bí ẹnikẹ́ni nínú ilé mi bá ní kí n bá òun sọ fún ẹlòmíràn, mo máa ń wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń bá iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ.