Fíláàṣì Elkanah

Ẹ̀gbọ́n mi Elkanah kò ní ẹ̀dùn kan láyé yìí ju pé ilé máa ń há a mọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni wá. Nígbà tí bàbá wa ríṣẹ́ sí Èkó la kó wá sí Ketu, ibẹ̀ la sì dàgbà sí. Ó kàwé, ó di ayàwòrán-ilé, ó fẹ́ Kúnbi, wọ́n kọ́lé sínú ẹ́síteètì kan ní Ìkòsì, èyí tó ní géètì àti gáàdì. Ó yẹ kéèyàn jókòó síbẹ̀ kó máa jẹ ìgbádùn rẹ̀. Tiẹ̀ kọ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń wo bọ́ọ̀lù, orí òkè kan ni yóò wà. Mo máa ń bi í pé ta ló rán an níṣẹ́, á kàn máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 2007, iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá wọlé. Dípò kó wáṣẹ́ mìíràn, ó ra báàgì gìrìwò kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, ó ní kí àwọn ará Owódé Onírin bá òun jó àdògán irin kékeré kan tó máa wọ inú rẹ̀, ó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ rin Nàìjíríà já kí orúnkún òun tó daṣẹ́ sílẹ̀. Kúnbi ní ó dáa. Èmi ni mo bínú. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ọmọ ọdún mélòó lẹ pe ara yín?" Ó ní òun ò tíì tó àádọ́ta, kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe òfin fóònù. Owó ìpè wọ́n nígbà yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣe ségesège. Ó ní ìrọ̀lẹ́ tí òun bá ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, òun á fi fíláàṣì ránṣẹ́ sí Kúnbi. Ìyẹn ni pé òun wà láàyè, ara òun sì le. Kó má gbé e. Kó gé e, kí òun lè mọ̀ níbi tí òun wà pé ó ti gbọ́.

"Tó o bá gbé e, owó búrẹ́dì mi lo jẹ yẹn. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, màá fi text ránṣẹ́. Fíláàṣì, má gbé e o. Ṣé o gbọ́?"

Kúnbi ní òun gbọ́. Kúnbi kì í sì í yẹ ohun tó bá ti sọ.

Ó lọ, lóòótọ́. Ó gun òkè Mambilla nínú ìkúùkù. Ó sùn sínú àgọ́ ní Yankari, ọ̀bọ sì jí oúnjẹ rẹ̀ kó. Ní Lọ́kọ́ja, wọ́n jí fóònù rẹ̀, ó ra òmíràn pẹ̀lú nọ́ńbà tuntun. Nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀, nítorí òun nìkan ló mọ̀ sórí. Lójoojúmọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, fóònù Kúnbi á dún, á gé e, á ní, "A dúpẹ́ Jésù," á sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Ká má purọ́, ó ń wù mí díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó dé ni ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ó ti dé inú igbó ọba ní ìhà Ọ̀yọ́, ó wá kọ text pé odò Ògùn ni òun máa tẹ̀ lé láti ibẹ̀ wá títí dé Ìṣẹ̀rì, pé òun máa bá wa ṣe Ìdúpẹ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Odò Ògùn, nínú òjò ọdún yẹn! Lẹ́yìn Mile 12, omi ti wọlé àwọn ará etídò, wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì jáde sójú títì. Mo dúró lórí afárá lọ́jọ́ kan, mo rí ilẹ̀kùn kan tó ń bá odò lọ, àgádágodo ṣì wà lára rẹ̀ ní títì pa. Ẹ̀rù bà mí gan-an, n ò sì sọ fún Kúnbi.

Text tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ni pé àpáta ń yọ̀, ṣùgbọ́n òun ti ń gbúròó odò, ká bá òun dín àkàrà sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, fíláàṣì kò dé ní ìrọ̀lẹ́ mọ́. Ó ń dé ní ọ̀sán, ó tún ń dé ní àárọ̀. Nígbà mìíràn, Kúnbi á gé e, ó tún dún, á tún gé e. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Ó ti ń sún mọ́lé ni, Aunty Súmbọ̀. Network ibẹ̀ dáa."

"Ìyàwó wa, gbé e lẹ́ẹ̀kan péré."

"Á bínú, Aunty. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ẹ̀gbọ́n yín."

Mo fi fóònù tèmi pè é, wọ́n ní ó wà ní pípa. Mo tún pè é lọ́jọ́ kejì, pípa náà ni. Síbẹ̀ ó ń pè wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù dún títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, torí Kúnbi mú un wọ báfùróòmù, ọṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní fíláàṣì wo ló ń pẹ́ tó báyìí? Ó ní network ni. Lọ́jọ́ Sunday, ó dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run ń pa ọkọ òun mọ́ lójú ọ̀nà, gbogbo ìjọ sì pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́. Ara mi kọ̀ ọ́ ni.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, à ń to ọsàn àti iṣu tí a máa gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kúnbi ń fọ ẹ̀wà àkàrà, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi. Fóònù dún.

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e."

Inú ti bí mi kọjá gígé. Mo gbé e.

"Wọ́n gbé e! Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n ti gbé e!" Ohùn ọkùnrin ni, kì í ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Mummy, ẹ má gé e mọ́."

"Ta nìyẹn?"

"Shittu ni mò ń jẹ́, àgbẹ̀ ni mí. Ẹni tó ni fóònù yìí já bọ́ láti orí àpáta létí odò wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú. A gbé e wálé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gun òkè pè yín, tí ẹ̀ ń gé e. Tí mo bá pè tán, màá pa fóònù kí iná rẹ̀ má bàa tán. Èmi ò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó mọ̀wé lábúlé wa, ǹ bá ti kọ ọ́ ránṣẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò gbé e lọ ọsibítù?"

"Mummy, àlejò tí kò lẹ́nìkan lọ́dọ̀ wa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán? Wọ́n á ní àwa la ṣe é léṣe, ọlọ́pàá á sì kó gbogbo abúlé. A ní kí ará ilé rẹ̀ kọ́kọ́ dé. A pe ẹni tó ń to egungun. Ibà ló wá wọ̀ ọ́ lára."

"Ẹ gbé fóònù fún un."

"Ó kú láàárọ̀ yìí. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa wá gbé e ni, àbí ká sin ín síbí."

Kúnbi ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì ti rí ojú mi. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, omi ẹ̀wà ń kán lára rẹ̀. Shittu tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un. Mo ń dúró kó ké, kò ké.

"Ṣé ó mọ̀ pé mò ń gé e?"

"Ó mọ̀, Mummy. Kò bínú rárá. Tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí mo ní wọ́n tún ti gé e, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó ní ká fi yín sílẹ̀. Ó ní ẹ ti gbọ́ pé òun wà láàyè."

Kúnbi di fóònù náà mọ́ etí rẹ̀ títí owó fi tán lórí ìpè náà.