Ọkọ Mi Ni, Kì í Ṣe Olúwa

Ó dìgbà o, Bàbá Títí! Háà, olówó orí mi, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, ṣé bí ilé wa ní Ajax yóò ṣe máa dákẹ́ rèé? Ikú ṣe mí léṣe. Ó mú ọkọ mi, ó mú ọ̀rẹ́ mi, ó mú aláwàdà mi lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìjọba ológun ló lé wa kúrò ní Ìbàdàn. A dé Toronto ní Kánádà nínú òtútù, a fìdí kalẹ̀ sí Ajax tó wà nítòsí rẹ̀, ẹ sì fi wíwa ọkọ̀ ẹrù ńlá tọ́ àwọn ọmọ wa. Ọ̀nà jìn, yìnyín pọ̀, ẹ̀yin nìkan ló wà nínú ọkọ̀. Ohun tó ń lé oorun lójú yín ni rédíò CB tí àwọn dírẹ́bà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, àti Alàájì Lásísì, dírẹ́bà bíi tiyín, ọmọ Ìṣẹ́yìn, tí wọ́n fi ọdún díẹ̀ jù yín lọ. Yorùbá pọ́nńbélé lẹ máa ń sọ. Ẹ óò kí wọn, ẹ óò kí ìyàwó wọn, ẹ óò kí mọ́tò wọn.

Ẹnikẹ́ni ló lè lo CB láìgba láísẹ́nsì, ṣùgbọ́n òfin ní kí agbára rẹ̀ kéré. Kékeré kò tó yín. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń sọ agbára rédíò di ńlá, èyí tí òfin kò fọwọ́ sí, ẹ gbé ọ̀kan sínú ọkọ̀, ẹ gbé òmíràn sílé, kí Alàájì lè máa gbọ́ yín níbi yòówù kí wọ́n wà. Títí, ọmọ wa, sọ pé, “Daddy, you know that's illegal, right?” Ẹ ní, “Ṣé mo jalè ni? Afẹ́fẹ́ Ọlọ́run ni mo ń sọ̀rọ̀ sí.” Èmi náà ní, “Bàbá Títí, ẹyin lohùn o.” Ẹ ní tiyín kì í fọ́.

Ọjọ́ Àìkú kan, ẹ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní kí n máa wọlé lọ, ẹ fẹ́ bá Alàájì parí ọ̀rọ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ń gbàdúrà: “Bàbá, bá wa sọ̀rọ̀!” Ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì bá bú jáde: “Ẹ kú ojúmọ́ o! Ṣé ẹ ń gbọ́ mi ketekete?” Gbogbo ìjọ wólẹ̀. “À ń gbọ́, Olúwa!” Ohùn náà tún ní, “Ó dáa. Ìyàwó mi ti wọlé, ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ wa lọ.” Mo fò dìde: “Ẹ dìde o! Ọkọ mi ni, kì í ṣe Olúwa!”

Agbára rédíò yín ló ti wọ inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo wa sì fi yín rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí aládùúgbò wa fi kanlẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ arúgbó ní ẹ̀rọ kan lọ́rùn tó fi ń ké sí wọn bó bá ṣubú, bí ẹ bá sì ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ̀rọ náà kì í ṣiṣẹ́. Ẹ kò jiyàn. Ẹ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹ wá sọ pé, “Àdùké, ká ní màmá yẹn ti ṣubú ńkọ́?” Ọjọ́ yẹn lẹ tú ẹ̀rọ méjèèjì palẹ̀.

Títí ló sọ fún yín nípa àwọn tí wọ́n ń pè ní “ham”, àwọn tó ṣèdánwò, tí ìjọba fún ní láísẹ́nsì àti orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́, tí ohùn wọn sì lè rìn jìnnà láìrú òfin. Ẹ kàwé bí ọmọ iléèwé, ẹ yege. Àmọ́ ìbànújẹ́ ló tẹ̀lé e, torí ẹ kò lè fi rédíò tuntun náà bá ẹni tí kò ní láísẹ́nsì sọ̀rọ̀, Alàájì kò sì ní. Wọ́n ní, “Exam ke? Me wey don get grandpikin?” Ẹ kò fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ ń lọ sílé wọn ní Brooklin, tí kò jìnnà sí wa, ẹ ń kọ́ wọn lórí tábìlì oúnjẹ, títí àwọn náà fi yege. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn lọ́nà tó bófin mu, omi bọ́ lójú yín. Ẹ ní òtútù ni.

Bí ọ̀kan nínú àwọn onírédíò bá kú, àṣà wọn ni kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ nígbà ìkẹyìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, Alàájì pè yín. Mo dúró ti rédíò yín. Wọ́n pè, wọ́n dúró de èsì, wọ́n tún pè. Ọwọ́ mi ti dé orí bọ́tìnì. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pè mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní láísẹ́nsì, Bàbá Títí, n kò sì ní fi rédíò yín rú òfin. Mo gbé ọwọ́ mi kúrò, mo sunkún.

Nítorí náà, inú ìwé yìí ni mo ti ń dá wọn lóhùn dípò yín. Alàájì, ọ̀rẹ́ yín ti lọ. Ọkọ mi, mo gbọ́ yín ketekete, láti Ìbàdàn títí dé Ajax. Ẹ sùn re o, olówó orí mi.

Èmi Àdùké yín.