Bí Mo Ṣe Lọ Kó Súìṣì Ọkọ̀ Bàbá Rábí Sápá Òsì

Ẹ̀yìn ti ń ro mí kí n tó jáde nílé rárá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí àjà ilé oníṣòwò kan níhìn-ín ní Ìbàdàn, tí mò ń fa wáyà iná kiri nínú ooru, ó sì yẹ kí n fi ọjọ́ kẹrin sùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Bàbá Rábí ti dé láti Èjìgbò, awakọ̀ ló mú un wá. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ: kí n wá tún iná ọkọ̀ wọn ṣe, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbéra lọ sí Àbíjàn, bí n kò bá yára wá, àwọn ará ilé kò ní jẹ́ kí wọ́n mú ìyàwó wọn dání.

Ó yẹ kí ẹ mọ ọkọ̀ náà. Lọ́rì àtijọ́ kan ni, tí Bàbá Rábí ní kí káfíńtà kan ilé pákó sí lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, kọ́bọ́ọ̀dù wà, fèrèsé méjì pẹ̀lú kọ́tìnnì, àti àyè tí wọ́n ń gbé sítóófù sí. Àbíjàn ni wọ́n ti ń ṣòwò aṣọ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n sì ń sùn lójú ọ̀nà, kí wọ́n má baà máa wá ilé kiri ní ìlú onílùú. Mésọ̀ǹ ni wọ́n ń pè é. Ilé ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Faransé. Èmi ni mo fa iná sí i nígbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí pé mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹ̀yìn mi kò sì tíì máa pè mí lẹ́jọ́.

Mo jáde kí ladánì tó pe ìrun àsùbáà. Ṣílè méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Ìwó. Orí àpò iyọ̀ ni mo jókòó lé, rólù wáyà méjì wà lórí itan mi, àpò irinṣẹ́ wà láàárín ẹsẹ̀. Ọ̀nà yẹn rí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n: eruku, kòtò, àti afárá onípákó tí àwọn èrò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọkọ̀ tó gùn ún. Ẹ̀ẹ̀mejì la sọ̀. Nígbà tí a fi máa dé Ìwó, ẹni tó bá rí mi á rò pé wọ́n fi osùn kùn mí ni.

Mo ra ẹ̀kọ kọ́bọ̀ kan àti àkàrà kọ́bọ̀ méjì, mo sì jẹ ẹ́ ní ìdúró, nítorí pé ìjókòó ti sú mi. Ọkọ̀ Èjìgbò wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò jọ ohun tó fẹ́ lọ síbì kankan. Mo bi awakọ̀ pé:

"Ìgbà wo la máa kúrò?"

"Bí ọkọ̀ bá kún ni, ọ̀gá."

"Ìgbà wo ni yóò kún?"

"Bí èrò bá dé ni."

Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Oòrùn ti kàn wá ní àtàrí kí èrò tó pé. Ṣílè kan àti sísì ni owó ọkọ̀ ibẹ̀, gbogbo abúlé la sì ń dúró sí, títí mo fi sùn lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi léjìká.

Níhìn-ín ní Ìbàdàn, bí oníṣẹ́ bá dé, iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi hàn án. Ní Èjìgbò, iyán ni. Ìlú Ògìyán ni, òrìṣà tó fẹ́ràn iyán ju ohun gbogbo lọ, àti ìmàle àti onígbàgbọ́ ibẹ̀, kò sí ẹni tó bá a jiyàn lórí ìyẹn. N kò tíì gbé àpò kalẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ìró odó.

"Bọ̀njúù, Oníná!" Bàbá Rábí ló ń kí mi bẹ́ẹ̀, ẹ kú ojúmọ́ ti àwọn Faransé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. "O kú eruku, o kú ewu ọ̀nà."

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ọkọ̀ ọ̀hún dà?"

"Jẹun ná. Ọkọ̀ ò ní sá lọ."

Iṣu Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ìlú tó wà nítòsí wọn, ni wọ́n fi gún iyán náà. Mo jẹun tán, mo fara ti ògiri díẹ̀, oorun gbé mi lọ, iṣẹ́ sì di ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo bá Ìyá Rábí nínú ọkọ̀, wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ti gbéra. Ẹ̀gbà ló mú wọn lọ́dún tó kọjá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ tiwọn mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn já gaara. Rábí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà nílé ọkọ ní Àbíjàn. Ó ti bímọ méjì, ìyá rẹ̀ kò sì tíì fojú kan ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Rábí, tí gbogbo agboolé ń pè ní Bàbá Àgbà, ni kò gbà. Wọ́n ní ẹni tí kò lè dìde, tí wọ́n wá tì mọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, bí nǹkan bá ṣe é, ta ni yóò gbọ́? Òótọ́ ni: Bàbá Rábí fúnra wọn ló ń wa ọkọ̀, ẹni tó bá sì wà níwájú pẹ̀lú ariwo ẹ́ńjìnnì kò lè gbọ́ igbe ẹni tó wà lẹ́yìn. Nítorí náà wọ́n ṣe àdéhùn. Bí Ìyá Rábí bá lè tan iná fúnra wọn, tí wọ́n sì lè pe ọkọ wọn dúró láti orí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n máa lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí Ìyá Rábí lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn ní Másífà títí ọkọ yóò fi dé, ó sì lè tó ọdún kan.

Apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀dì ni mo fi àwọn súìṣì sí nígbà àkọ́kọ́, lókè, ní ìwọ̀n èjìká Bàbá Rábí. Mo ní kí n kó wọn wá sápá òsì, nísàlẹ̀, kí n sì fi ọ̀kan kún un tí yóò máa fun fèrè ọkọ̀ níwájú. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta ni lójú mi. Àṣé eku ti jẹ rọ́bà ara wáyà àtijọ́ náà, bàbà ti yọ síta. Àfi kí n tú gbogbo rẹ̀, kí n fa tuntun gba abẹ́ ọkọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ lọ́rì, iyanrìn ń bọ́ sí mi lójú, òkúta ń gún mi lẹ́yìn, mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí n kò kọ́ iṣẹ́ télọ̀.

"Oníná, ṣé o ṣì wà láàyè?" Ìyá Rábí ló ń pè mí láti inú ọkọ̀.

"Díẹ̀ ló kù, Ìyá."

"O kú iṣẹ́ o. Má kú sábẹ́ ọkọ̀ wa, a fẹ́ lọ lọ́la."

Lẹ́yìn ìrun alásárì, ó parí. Bàbá Àgbà gun inú ọkọ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí. Bàbá Rábí wà lẹ́nu ọ̀nà, èmi wà lẹ́yìn wọn.

"Ìyàwó," Bàbá Àgbà ní, "tanná, kí o sì pe ọkọ rẹ."

Ọwọ́ òsì Ìyá Rábí wà lábẹ́ ìborùn. Kò jáde. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Mo rò pé ẹ̀rù iná ló ń bà wọ́n, ni mo bá na ọwọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Rábí, mo tẹ ọ̀kan, iná tàn. Mo tẹ ìkejì, fèrè ké tòò, àwọn ewúrẹ́ ojúlé sì fọ́n ká.

"Kò sí ewu, Ìyá. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Wọn kò tẹ̀ ẹ́. Bàbá Àgbà mí kanlẹ̀. Wọn kì í ṣe òǹrorò èèyàn. "Ẹ rí i bí? Kò lè ṣe é. Másífà ò kúkú jìnnà."

"Mo lè ṣe é, Bàbá," Ìyá Rábí ní. "Ọwọ́ òsì ni Oníná fi í sí. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò fi òsì na nǹkan sí ọkọ mi rí. Ṣé òsì ni kí n wá fi máa pè wọ́n, lójú yín?"

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ìyàwó tèmi bá fi ọwọ́ òsì gbé oúnjẹ fún mi, màá bi í pé kí ni mo fi ṣe é. Mo ti wọn gígùn wáyà, mo wọn ibi tí ọwọ́ ìyá yìí lè tó, n kò sì bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ ilé tí àwọn èèyàn ti ń tìtorí rẹ̀ yìn wọ́n ló wá fẹ́ dá wọn dúró yìí. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Bàbá Rábí wọlé, wọ́n lóṣòó síwájú bẹ́ẹ̀dì. Kọ́ọ̀bù omi kan wà lápá òsì ìyàwó wọn.

"Ìyá Rábí, fún mi lómi mu."

"Bàbá Rábí, ẹ jọ̀ọ́."

"Òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Ẹ má ṣe báyìí fún mi lójú èèyàn."

"Ọwọ́ tó kù fún ọ ló kù fún èmi náà. Fún mi lómi."

Wọ́n lóṣòó síbẹ̀ títí mo fi gbọ́ tí orúnkún wọn dún. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì náà jáde lábẹ́ ìborùn, ó mú kọ́ọ̀bù, omi sì ń dà sórí aṣọ. Bàbá Rábí fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí ọmọdé ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, wọ́n mu ún tán. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yí lọ síwájú ọkọ̀, wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé.

Iná tàn. Ó ṣe díẹ̀, fèrè ké.

Bàbá Àgbà jókòó jẹ́ẹ́. "Tún un tẹ̀, ìyàwó," wọ́n ní. "Etí mi ò gbọ́ dáadáa mọ́."

Ó tún ké. Mo lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, mo ní eruku ló kó sí mi lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé mi, nítorí pé Ìbàdàn wà lójú ọ̀nà wọn. Kí a tó dé Ìwó, fèrè ti ké lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án níwájú. Ti àkọ́kọ́, ọkùnrin kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ níwájú wa bẹ́ sínú igbó, ó sì bú wa tẹbítará. Omi ni Ìyá Rábí fẹ́. Ti ìkejì, ìrọ̀rí ló yẹ̀. Ti ìkẹta, Bàbá Rábí pẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀ kí wọ́n tó padà wá.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá n óò tún dúró ni."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní, tújúù."

Ìgbà gbogbo ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí débi pé egungun mi ń sunkún ilé, ṣùgbọ́n n kò ráhùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n já mi sílẹ̀. Ìyàwó mi kò tíì ti ọjà dé. Mo yà kí ìyá mi ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń gbé láti ọdún méjì. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú òkùnkùn, bí mo ṣe máa ń bá wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo ti máa ń rò pé àgbà kò fẹ́ iná lójú ni.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò tanná?"

"Ìwọ lo dé? Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ò tó o. Mo máa ń dúró kí ẹnì kan wọlé ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé."

Mo wo súìṣì náà lára ògiri, lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo fi í síbẹ̀, ní ìwọ̀n èjìká tèmi. Mo gbé àpò irinṣẹ́ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sì bi wọ́n ní ohun tí n kò bi ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí:

"Màmá, ọwọ́ wo lẹ fẹ́ kí n gbé e sí?"