Apá Bàálù Tó Wọ́

Ṣíọ̀! Ìró àkọ́kọ́ tí Gàfárù rántí láti kékeré nìyẹn. Kì í ṣe orin ìyá, kì í ṣe òjò lórí páànù. Bàbá rẹ̀, tó ń tún sítóòfù ṣe ní Treichville, nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ló máa ń gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn sókè, á di ojú kan, á fi ojú kejì wò ó láti ìdí dé orí, á sì yínmú. Ṣíọ̀! Orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì iṣẹ́ ni ọmọ ti máa ń gbọ́ ọ, kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pè.

Gàfárù ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí. Fáànù àti áyọ́ọ̀nù ló ń tún ṣe ní ìsọ̀ kan náà, ṣíọ̀ náà kò sì tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ń ṣe é sí àwọn fáànù tuntun tí apá wọn ń kán bíi bisikíìtì. Ó ń ṣe é sí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kó lọ sí Biétry, àdúgbò olówó, tí wọ́n ra kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, tí wọ́n wá to ife tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi mu omi sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mahfuz ọmọ rẹ̀ ló ń jẹ nínú ṣíọ̀ yìí jù. Fóònù ni Mahfuz ń tà ní Adjamé, bí gílóòbù ilé rẹ̀ bá sì jó, ó dìgbà tó bá pe oníṣẹ́ kó tó mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ Mahfuz kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ rí. Òfin kan ló wà ní ìsọ̀ náà: ohun tí ọmọṣẹ́ bá tò, ọ̀gá á tú u palẹ̀ níṣojú rẹ̀, á tún un tò, ọmọṣẹ́ á sì wí pé, "Ẹ ṣé, ọ̀gá." Ì báà dára, ì báà má dára. Bí wọ́n ṣe kọ́ Gàfárù náà nìyẹn. Ọdún mẹ́rin ni Mahfuz fi ń wí pé ẹ ṣé, ọ̀gá. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kó irinṣẹ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó gba Adjamé lọ. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni.

Nígbà tí Khaleelah, ọmọ Mahfuz, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wá lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá àgbà, ọjọ́ tó dé gan-an ló fi ìdí ṣíbí tú fáànù kan tó ti kú. Gàfárù ń wò ó lẹ́bàá ojú. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń dáhùn.

"Bàbá àgbà, moi je veux fabriquer un avion."

Bàálù ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Gbogbo ìdílé rẹ̀ ti di ẹni tí ń ràjà, tí ń tajà. Bí ọmọ yìí bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ to bàálù kan, tó parí rẹ̀, tí ó sì tún fẹ́ to òmíràn, a jẹ́ pé ọwọ́ kò kú nílé Gàfárù. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ òun ló máa parí sí nìyẹn.

Wọ́n wọ takisí lọ sí ìsọ̀ nǹkan ìṣeré kan ní Marcory. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀, Ọlọ́runlékè, kò tíì pé ọdún méjì tó ti Nàìjíríà dé.

"Ẹ káàsán o, Bàbá. Ẹ ti dé ibi tó yẹ." Ó gbé páálí kan jáde tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, àwòrán bàálù ogun ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin wà lára rẹ̀. "Èyí làwọn ọ̀gá Biétry ń rà fọ́mọ wọn."

"Ẹyọ mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Trois cent vingt, Bàbá. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ogún."

"Ta ló ń tò ó? Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?"

"Rárá o! Àwa la máa ń bá wọn tò ó. Wọ́n á kàn wá gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ni."

"Ṣíọ̀! Wọ́n ra iṣẹ́, wọ́n tún sanwó kí wọ́n má bàa ṣe é."

Ọlọ́runlékè rẹ́rìn-ín, ó mú òmíràn wá. Ike ni, ẹyọ mẹ́fà péré, kò nílò gọ́ọ̀mù, kíá ni wọ́n ń wọnú ara wọn. Kí Ọlọ́runlékè àti Gàfárù tó nájà tán, Khaleelah ti tò ó, ó ti gbé e kalẹ̀, ó ti ń wo ìta.

"Ẹ ò rí i? Ọmọ yìí mọ̀wé!"

"Kò sóhun tí ìyẹn lè kọ́ ọmọ. Kí ló wà lábẹ́ àtẹ yẹn?"

Àpò bébà pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, eruku ti bò ó. Igi tín-ínrín ló wà nínú rẹ̀, tó fúyẹ́ bíi pòpórò àgbàdo, àti bébà tí wọ́n yàwòrán sí, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń yí níwájú, àti rọ́bà tó máa fà á. Ẹyọ méjìdínlógún. Gàfárù di ojú kan, ó wo igi náà láti ìdí dé orí, bóyá ó tẹ̀. Kò tẹ̀. Ọmọ lè kà á tán, ó lè ṣì í ṣe kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, ó sì lè tún un ṣe.

"Ìyẹn kẹ̀, Bàbá? Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sọ nílé pé igi ìdáná lẹ rà fóun o."

"Igi ìdáná ni wọ́n fi se oúnjẹ tí o jẹ dàgbà. Kí o tó dé Marcory wá ṣe ọ̀gá."

Khaleelah ti gba àpò náà. "Ça vole pour de vrai?"

"Ó ń fò," Ọlọ́runlékè gbà bẹ́ẹ̀. "Bí ẹni tó tò ó bá mọ̀ ọ́n tò."

"Donc c'est ça." Èyí ló mú.

Inú Gàfárù dùn débi pé ó bú ọmọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì sí i kí wọ́n tó jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Khaleelah fi ń tò ó láàárín àwọn fáànù tó ti bàjẹ́. Gọ́ọ̀mù wọ irun rẹ̀. Ó gé ìka, kò sunkún. Gàfárù ń di eyín rẹ̀ pọ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lẹ apá bàálù náà, apá ọ̀tún ga ju tòsì lọ, bí ẹni tó sọ èjìká kan sókè. Ó fi í sílẹ̀ kó gbẹ, ó gba ilé kéwú lọ.

Gàfárù ní òun kàn fẹ́ gbálẹ̀ ni. Ó gbá dé ìdí tábìlì. Ó di ojú kan. Ṣíọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Ó mú abẹ, ó gé apá náà kúrò, ó fi sáńpépà ha etí rẹ̀, ó tún un lẹ̀, ó sì fi áyọ́ọ̀nù tútù tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, apá náà gún bí álífù inú kéwú.

Ọmọ dé. Gàfárù dúró, ó ń retí gbólóhùn kan tó ti ń gbọ́ lẹ́nu ọmọṣẹ́ láti ogójì ọdún.

Khaleelah gbé bàálù náà sókè. Ó di ojú kan. "Qui a fait ça?"

"Èmi ni. Ó wọ́ tẹ́lẹ̀. Á fò dáadáa báyìí."

Láti ẹnu tí kì í so ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta pọ̀, ó jáde gaara, bí ìgbà tí òkú bàbá Gàfárù jókòó síbẹ̀: "Ṣíọ̀!" Ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. "Tiyín ni, Bàbá àgbà."

Ó jáde lọ pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Mahfuz ti dé. Ó wo bàálù, ó wo apá tó gún, ó wo bàbá rẹ̀. Kò bá a jà. Ó gbé báàgì ọmọ rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ó wí, wọ́n sì lọ.

Gàfárù ṣe ṣíọ̀ tẹ̀lé wọn, ṣùgbọ́n kò dún. Ó jókòó, ó tún mú abẹ, ó gé apá náà, ó ní òun á lẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ṣe lẹ̀ ẹ́. Ó gún. Ó tún un gé, ó tún un lẹ̀. Ó tún gún. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ojú méjèèjì, síbẹ̀ ó gún. Ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fáànù oníbàárà kan wà nílẹ̀ tí wọ́n máa wá gbé láàárọ̀. Ó ki apá rẹ̀ bọ irin, ó de nọ́ọ̀tì, ó fi àwọ̀n irin bo iwájú rẹ̀, ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ó ń yí, kò mì. Ó yọ ọ́, ó wé wáyà mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹni tó ni ín sórí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.